Irin Orí Ilé Mushin

Màmá mi kì í wọ ilé onílé kí wọ́n má kọ́kọ́ wo òkè. Kì í ṣe fáànù ni wọ́n ń wò, kì í sì ṣe iná. Bíìmù ni, ìdábùú tó gbé àjà dúró. Wọ́n á wo ibi tí ògiri ti pàdé àjà, wọ́n á wá ibi tó bá ti sán. Ẹni tó gbà wá lálejò á ti gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò kalẹ̀, á máa bá wa ṣàwàdà, Màmá á sì ti wà ní igun pálọ̀, wọ́n á máa fi ìka tẹ ògiri olówó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ojú máa ń tì mí débi pé mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Ní báyìí tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ojú kì í tì mí mọ́. Ó kàn ń rẹ̀ mí ni.

Ẹnjiníà ni Màmá. Irú èyí tó ń ṣe títì, tó ń ṣe afárá, tó ń la ọ̀nà fún omi. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo obìnrin tó ń ṣe irú ẹ̀ nílùú yìí kò lè kún ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò kan. Bí Màmá bá dé ibi iṣẹ́, àwọn bíríkìlà á bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún. Màmá á wọ bùútù, wọ́n á dé akoto lé orí gèlè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò ìpìlẹ̀, wọ́n á ní kí ẹni tó po kọnkéré yẹn dà á nù kó tún òmíràn pò, omi ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn bíríkìlà á ti mọ ẹni tó dé.

A ò lè ti Yaba dé Ojú Ẹlẹ́gbà kí Màmá má rí ohun tí wọ́n máa nàka sí. Gọ́tà yìí, àwọn ni. Ojú omi tó gba abẹ́ títì yẹn kọjá, àwọn náà ni, ìgbà òjò ni, omi mu àwọn dé ìbàdí. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn ni kò ṣeé rí, ilẹ̀ ti bò ó. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọn ò kọ́ ilé gogoro kan tí èmi náà á lè máa fi yangàn níléèwé. Wọ́n ní ṣé omi ń wọlé wa tí òjò bá rọ̀? Mo ní rárá. Wọ́n ní ó dáa náà, wọ́n sì ń bá ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ ẹnjiníà ti fún wọn ní àwo ìdánilọ́lá títí tó fi sú mi láti máa nù wọ́n. Obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe báyìí, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe báun. Àwọn ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà máa ń wá bá wọn ya fọ́tò, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á pè wọ́n ní aṣáájú. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ náà o, wọ́n ní ẹ̀kọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ti lọ tán, èmi ni mo máa gbé aṣáájú lọ sílé ìwẹ̀.

Ẹsẹ̀ òsì Màmá ló ti ń ṣe ohun tó wù ú láti ọjọ́ yìí, kì í gbé wọn dáadáa mọ́. A jọ ń gbé nínú fúláàtì tí mo rẹ́ńtì ní Surulere, lókè, nínú ilé tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ga bí ẹni pé àwọn òmìrán ni wọ́n kọ́ ọ fún. Láràárọ̀, màá wẹ̀ fún wọn, màá po ògì, màá to oògùn, ká tó dé orí ẹni tó fẹ́ gbéra lọ síbi iṣẹ́ ní Ìlúpéjú. Obìnrin kan máa ń wá jókòó tì wọ́n títí màá fi dé. Ilé Mushin ló ń sanwó obìnrin yẹn, ilé Mushin náà ló ń ra oògùn, torí àwọn ayálégbé wà nínú òkè ilé náà, Màmá ló sì ni òkè. Láìsí òkè ilé Mushin, mi ò mọ bí ǹ bá ṣe ṣe é.

Ẹni tó ṣe ọ̀nà fún gbogbo ayé yìí, kò kọ́lé fún ara ẹ̀. Màmá ní àwọn ṣì máa kọ́ ọ. Wọ́n wí bẹ́ẹ̀ títí iṣẹ́ fi tán lọ́wọ́ wọn. Ilé kan ṣoṣo tí wọ́n fi owó ara wọn kọ́, bàbá wọn ni wọ́n kọ́ ọ fún, ilé Mushin yìí náà ni.

Bàbá àgbà, bàbá Màmá, fìlà ni wọ́n ń rán. Wọ́n máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, fìlà á wà lórúnkún, wọ́n á máa rán an, wọ́n á máa kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Nígbà tí àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń bi wọ́n pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi gbogbo ìṣirò yìí ṣe, Bàbá àgbà ní àwọn náà ò mọ̀ ọ́n, kó ṣáà máa ṣe é lọ ná. Ìgbà tí Màmá wá ń gba owó oṣù, wọ́n ní kí Bàbá àgbà kó ẹrù kúrò nínú ilé pákó tí wọ́n wà, wọ́n wó o, wọ́n sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sójú ẹ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kò dáa. Kánáàlì ò jìnnà, béèyàn bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ báyìí, omi dúdú á ti máa sun jáde, á máa rùn. Màmá ṣe ìṣirò wọn, wọ́n ní ìsàlẹ̀ kan, òkè kan, ó parí, ilẹ̀ yìí kò lè gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá àgbà fẹ́ àjà kan sí i. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní mọ́ṣáláṣí ti kọ́ ti ẹ̀ báyẹn. Màmá ní rárá. Kì í ṣòro fún wọn láti sọ pé rárá fún kọńtírákítọ̀, òun ni wọ́n ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Fún bàbá wọn, ó dùn wọ́n dé eegun.

Bàbá àgbà wá bẹ̀bẹ̀ ohun kékeré kan. Wọ́n ní kò burú, kí ilé dúró síbi tó dúró sí, àmọ́ kí Màmá má gé irin orí ẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbé Èkó mọ irin tí mò ń wí. Béèyàn bá kọ́lé débi tí agbára ẹ̀ mọ, kì í gé irin àwọn òpó tó yọ sókè lórí dẹ́kìn, òrùlé kọnkéré pẹrẹsẹ. Á fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa wo ọ̀run, kí wọ́n máa dípẹtà. Ohun tó ń sọ fún àdúgbò ni pé òun ò tíì ṣe tán, òun ń mí lọ́wọ́ ni. Ilé tí wọ́n bá ti gé irin orí ẹ̀, onílé ti gbà pé ibi tí òun mọ nìyẹn. Bàbá àgbà ò sì fẹ́ gbà.

"Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n sọ pé ilé mi ti parí," ohun tí wọ́n sọ fún Màmá nìyẹn.

Màmá bá fi irin náà sílẹ̀. Ẹni tí kì í fi kóńgò yanrìn kan ṣeré, òun ló fi irin tí kò ní iṣẹ́ kankan sílẹ̀ lórí ilé, nítorí kí ara bàbá ẹ̀ lè yá gágá tó bá ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé lójú àwọn nígbà yẹn, bí ìgbà tí Bàbá àgbà bá rán òdòdó sétí fìlà ni. Kò sẹ́ni tó ń bi òdòdó pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Àwọn ìyàwó ayálégbé so okùn mọ́ àwọn irin náà, wọ́n ń sáṣọ sí i, ayé ń lọ.

Nígbà tó yá, Bàbá àgbà kú. Lẹ́yìn àdúrà ogójì, àwọn àgbà ẹbí jókòó sí pálọ̀ ìsàlẹ̀ láti pín ilé. Ìsàlẹ̀ di ti ẹ̀gbọ́n Màmá ọkùnrin, tí òun náà ti kú báyìí, tí àwọn ọmọ ẹ̀ ń gbébẹ̀. Òkè di ti Màmá, owó wọn ló kúkú kọ́ ọ. Ó wá ku àbígbẹ̀yìn wọn, ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Yàrá ti tán. Ni olórí ẹbí bá nàka sókè, ó ní, "Ìwọ lo ni orí dẹ́kìn. Irin ti wà níbẹ̀ dè ọ́. Ọjọ́ tí Ọlọ́run bá ṣe é fún ọ, wàá kọ́ tìẹ lé e." Gbogbo ilé ṣe àmín. Màmá jókòó níbẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan.

Àbígbẹ̀yìn yẹn là ń pè ní Bọ̀dá Mushin. Pákó ni Bọ̀dá ń tà, ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú lẹ́bàá Makoko ni wọ́n ti ń kó o. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, ilé rẹ́ńtì ni àwọn àti ìyàwó àtọmọ ń gbé, láti àdúgbò kan sí òmíràn. N kì í gbọ́ kí wọ́n ráhùn. Bí lándílọ́ọ̀dù bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kò kan àwọn, àwọn nílé. Tó bá di ọdún Iléyá, tí wọ́n bá ti pín ẹran tán, Bọ̀dá á kó àwọn ọmọ wọn gun orí dẹ́kìn lọ. Mo rò pé atẹ́gùn ni wọ́n ń lọ gbà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan báyìí, Bọ̀dá wá sí Surulere. Wọ́n gbé ẹja yíyan láti Makoko lọ́wọ́, wọ́n sì dé fìlà tuntun. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Màmá pátápátá, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun. Wọ́n ní lándílọ́ọ̀dù ti ta ilé tí àwọn wà, kí gbogbo àwọn ayálégbé máa wá ibi gbà. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ìròyìn ayọ̀. Wọ́n ní àwọn ti ra bulọ́ọ̀kù, àwọn ti ra sìmẹ́ńtì, bíríkìlà ti wo ibẹ̀, ìwọ̀nba ló kù.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀," Bọ̀dá ní. "Ẹ̀yin lẹ máa fi bulọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lélẹ̀. Ta la tún ní?"

Màmá bi wọ́n nípa àwọn ọmọ. Ní ti ilé, Màmá kàn ní Ọlọ́run á ṣe é. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, torí Màmá kì í ṣàdúrà sí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ láìkọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ po kọnkéré. Nígbà tí Bọ̀dá lọ, wọn ò jẹ nínú ẹja náà. Mo jókòó sílẹ̀, mò ń fi òróró pa ẹsẹ̀ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí nípa irin àti ilẹ̀ àti òdòdó etí fìlà, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo ní ṣé wọ́n jókòó síbẹ̀ ni, tí wọ́n ń wo gbogbo ẹbí bí wọ́n ṣe ń fi afẹ́fẹ́ ta àbúrò wọn lọ́rẹ, tí wọn ò sì la ẹnu? Màmá ní bàbá àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Àwọn ò lè la ẹnu níwájú gbogbo èèyàn kí àwọn sọ pé irọ́ ló wà lórí ilé ẹ̀. Àwọn ní àwọn máa sọ fún ọmọ náà tó bá yá. Ọmọ náà sì ń dàgbà, ó ń gbéyàwó, ó ń bímọ, ìgbàkígbà tó bá ti yọjú, inú ẹ̀ á máa dùn. Wọ́n ní ẹnu àwọn ò kàn gbà á ni.

Mo ní kí wọ́n pè é lórí fóònù, kí ọ̀rọ̀ náà parí. Màmá wò mí bí ẹni tó fẹ́ kọ kọnkéré tó lómi jù. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, kí n gbé àwọn lọ sí Mushin.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kí n gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ nínú àtẹ̀gùn àwọn òmìrán yẹn, kí n lọ gba àyè níbi iṣẹ́, kí n wá mọ́tò tó ní ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀, kí n tún gbé wọn padà gòkè. Ó rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mò ń sún un síwájú, mò ń sọ pé ó di ọ̀la, ó di ọ̀tunla, títí Bọ̀dá fi pè pé bíríkìlà ń bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Kò sí ibi tí mo fẹ́ sún un sí mọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, Màmá ní kí n bá àwọn mú akoto tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Funfun ni nígbà kan, ó ti di àwọ̀ ògì bàbà. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. A kọjá ní Ojú Ẹlẹ́gbà, a kọjá ní Ìdí-Òro, wọn ò nàka sí gọ́tà kankan. Láti kékeré ni mo ti ń gbàdúrà pé kí wọ́n jẹ́ kí n sinmi lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n sinmi, mi ò fẹ́ ẹ.

Bulọ́ọ̀kù ti kún iwájú ilé. Wọ́n fi tapólì bo sìmẹ́ńtì. Bọ̀dá ń sáré kiri nínú ṣòkòtò iṣẹ́, wọ́n rí wa, wọ́n pariwo sí gbogbo ilé pé Ìyá Ẹnjiníà ti dé, kí wọ́n gbé àga wá, kí wọ́n bu omi tútù. Wọ́n fẹ́ kí èèyàn méjì gbé Màmá lọ sórí dẹ́kìn lójú ẹsẹ̀ fún àdúrà. Màmá ní rárá, kí wọ́n gbé àga náà síwájú ilé, kí àbúrò àwọn wá dúró níbi tí àwọn ti lè rí ojú ẹ̀.

Màmá sọ fún wọn. Wọn ò yí i po. Wọ́n ní ilé yìí kò lè gbé nǹkan kan mọ́, láti ọjọ́ tí àwọn ti kọ́ ọ ni kò ti lè gbé e. Bọ̀dá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà tó dúró níbẹ̀, ọkùnrin kan tó lọ́yàyà, dá sí i, ó ní kí Màmá má ṣèyọnu, ilé alájà mẹ́rin kan wà ní òpópónà kejì, ilẹ̀ kan náà ni, kò sì wó.

"Kò tíì wó," Màmá ní.

Wọ́n wá nàka sí àtẹ̀gùn iwájú ilé, níbi tí Bàbá àgbà ti máa ń jókòó rán fìlà. Wọ́n bi Bọ̀dá pé ṣé ó rántí bí ibẹ̀ ṣe ga tó nígbà tó wà ní kékeré, tó máa ń fò ó. Àkàsọ̀ ìsàlẹ̀ ti wọlẹ̀, ìdajì èyí tó tẹ̀ lé e náà sì ti ń lọ. Bọ̀dá ní ṣebí títì ni wọ́n bu yanrìn sí tó fi ga. Màmá ní òótọ́ ni, títì ga, àmọ́ ilé náà ń lọ sílẹ̀. Gbogbo wa wo àtẹ̀gùn náà. Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín.

"Irin ńkọ́?" Bọ̀dá ní. "Ẹ̀gbọ́n, irin yẹn ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀."

"Èmi ni."

"Ẹ sì jókòó níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fún mi."

"Mo jókòó níbẹ̀," Màmá ní. "Bàbá ló bẹ̀ mí pé kí n má gé e. Kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ láti ọjọ́ yẹn, mi ò sọ. Má bínú sí mi."

Bọ̀dá jókòó sórí bulọ́ọ̀kù. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n ń yí i lọ́wọ́. Mo ti rí wọn nígbà òkú, mo ti rí wọn nígbà tí pákó wọn jóná, mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n wá gbójú sókè sí irin náà.

"Kí wá ni Bàbá fún mi?"

Àṣé Màmá ti mú èsì ìyẹn bọ̀ láti Surulere.

"Òkè ilé," Màmá ní. "Tèmi yẹn. Àwọn ayálégbé á kó jáde, ìwọ àtìyàwó ẹ á kó wọlé. Mo ti fún ọ, àwọn tó wà níbí yìí gbọ́."

Bọ̀dá ń sọ pé rárá, pé Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu wọn ń sọ pé rárá, omi ń bọ́ lójú wọn. Èmi dúró lẹ́yìn àga Màmá. Wọn ò bojú wẹ̀yìn wò mí. Wọn ò bi mí léèrè nígbà tí mò ń wẹ̀ fún wọn, wọn ò bi mí léèrè nínú mọ́tò. Mo ronú obìnrin tó ń bá wa jókòó tì wọ́n, mo ronú oògùn tó wà lórí fíríìjì. Orí mi gbóná. Ó ṣe mí bíi kí n gbé wọn sílẹ̀ níbẹ̀, kí n wọ mọ́tò, kí àwọn ẹbí tó ń gbọ́ yìí máa po ògì lọ. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, Bọ̀dá ní àwọn gbà, kí Ọlọ́run san án fún Màmá. Wọ́n ní bíríkìlà lè máa lọ, àwọn á ta bulọ́ọ̀kù. Ohun kan péré ni àwọn ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí irin ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé àwọn fẹ́ kọ́lé, kí wọ́n ṣáà máa rò pé owó ló tán.

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe gún Màmá. Ohùn bàbá wọn ni wọ́n gbọ́. Ọwọ́ wọn le mọ́ akoto náà. Wọ́n ní rárá, ọmọ Bọ̀dá ń bọ̀ lẹ́yìn, ọmọ ọmọ ẹ̀ ń bọ̀, ẹnì kan á tún gbójú sókè lọ́jọ́ kan, á rí irin, á lọ ra bulọ́ọ̀kù. Àwọn ò sì ní sí níbẹ̀ láti sọ fún un. Kí wọ́n pe wẹ́dà wá, kó gé gbogbo ẹ̀ lónìí yìí, lójú àwọn.

Ẹsẹ̀ wọn ò lè gun òkè, wọ́n ní kí èmi lọ dúró tì í. Èmi náà ni, ta ló tún kù. Kí n tó gòkè, mo rí wọn tí wọ́n dé akoto, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn kúrò lábẹ́ ògiri, irin lè já bọ́. Àwọn ọmọdé ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n sì sún sẹ́yìn.

Lórí dẹ́kìn, àwọn ìyàwó ayálégbé ń tú okùn aṣọ, wọ́n ń kùn. Wẹ́dà gbé ẹ̀rọ ẹ̀ kalẹ̀. Ìgbà náà ni mo wo ilẹ̀, mo rí ìlà. Wọ́n fi ọ̀dà funfun fà á sórí dẹ́kìn náà, ìlà tó ti pa rẹ́ wà lábẹ́ èyí tó tuntun, bí ẹni pé ọdọọdún ni wọ́n ń tún un fà. Bọ̀dá ti gòkè dé lẹ́yìn mi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìdí tí wọ́n fi ń kó àwọn ọmọ wá síbẹ̀ ní Iléyá nìyẹn, kì í ṣe atẹ́gùn. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí i fún mi. Pálọ̀ nìyí, ilé ìdáná nìyẹn, ibí yìí jẹ́ ti àwọn ọmọ. Wọ́n dé ìlà kan tó wà létí àtẹ̀gùn, wọ́n dúró.

"Ti màmá ẹ nìyí," Bọ̀dá ní. "Mo jẹ́ kó sún mọ́ àtẹ̀gùn, nítorí ẹsẹ̀ wọn. Mo rò pé tí mo bá kọ́ ọ tán, wọ́n á wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, ìwọ náà á sinmi."

Gbogbo ìbínú tí mo gbé gòkè ti dà nù lára mi, ó sì fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú àárẹ̀ tó kọjá ti tẹ́lẹ̀. Wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Iná ń ta, ariwo ẹ̀ ń họ eyín. Irin kan ṣubú, òmíràn tẹ̀ lé e, ó ń dún wàrà lórí dẹ́kìn. Nígbà tó ku èyí tó wà ní igun yàrá Màmá yẹn, Bọ̀dá gbá mi lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ẹyọ yẹn wà, Màmá ò lè rí i láti ilẹ̀, kí ó ṣáà wà fún ìrántí Bàbá. Wẹ́dà dá ẹ̀rọ dúró, ó ń wò mí.

Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo fẹ́ fún wọn. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ fún wọn.

"Ẹ máa gé e," mo sọ fún wẹ́dà. Omi bọ́ lójú mi bó ṣe ń gé e. Bọ̀dá ò sì jẹ́ kí ọwọ́ mi bọ́.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Màmá ti kúrò lórí àga. Wọ́n ti ní kí wọ́n gbé àwọn sórí àtẹ̀gùn, wọ́n jókòó síbi tí Bàbá àgbà máa ń jókòó sí, akoto ṣì wà lórí wọn. Wọ́n bi mí pé ó ku mélòó. Mo ní kò ku ìkankan. Wọ́n tún bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní ó dá mi lójú.

Màmá ṣí akoto náà, wọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọn ò wo òkè.

"Ilé bàbá mi ti parí," wọ́n ní.

Wọ́n na ọwọ́ sí mi. Mo gbé wọn dìde, torí a ṣì ní àtẹ̀gùn Surulere láti gùn.